A Kì í Pariwo Ìwọ̀n Ara

Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi fi sìn mí kúrò nílé kò gùn. Ó ní, "Bí o ṣe tínrín tó yìí, ó tó. Kó lé, kó má dín. Ọjọ́ tí mo bá fojú ara mi rí ẹ tí o rù ju báyìí lọ, àpò ẹ ni màá gbé, wàá sì tẹ̀ lé mi wálé." Kò sunkún, kò sì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kò fi ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ má baà pè é ní òǹrorò. Bàbá mi ti wá sí Nàìjíríà rí, nígbà tí mo ṣì kéré. Ó sanra nígbà tó ń lọ. Nígbà tó padà dé, okùn ló fi so ṣòkòtò mọ́ra, eegun ọrùn rẹ̀ sì ti yọ. Kò jẹ àgbàdo tuntun ọdún náà tó fi kú. Láti ìgbà yẹn, lójú ìyá mi, ẹni tó lọ sájò tó sanra, àjò gbà á nìyẹn. Ẹni tó bá rù, àjò ti kọ̀ ọ́, kó yáa máa bọ̀ nílé.

Kétu ni wọ́n ti bí mi. Mo sì ní láti ṣàlàyé, torí pé ní Okokomaiko tí mò ń gbé báyìí, bí mo bá ti ní Kétu, wọ́n á ní, "Kétu tó wà níbí yìí? Kí ló dé tí o ò kúkú máa tilé wá síbi iṣẹ́?" Kétu ti Èkó ni wọ́n mọ̀. Kétu tèmi wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nínú ilé tí a sì ń kọ Faransé ní ilé ìwé. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo rò pé ilé ẹ̀gbọ́n ni mò ń lọ. Èdè kan náà, oúnjẹ kan náà, Ọlọ́run kan náà. Kí ló tún kù? Ó kù o.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bí àwọn ará ibí ṣe ń fi ara ènìyàn pè é. Nílé wa, bí mo bá ń kọjá, wọ́n á fi agbo ilé bàbá mi pè mí, tàbí kí wọ́n fi oríkì kí mi. Ara mi kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé ara le?" Màá ní, "Ara le." Ó parí. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ òkìrìkà ní Okokomaiko, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá, orúkọ tí mi ò jẹ́ rí ni wọ́n fi ń ké sí mi. "Lẹ́pa! Lẹ́pa, sáìsì ẹ rèé!" Mo wẹ̀yìn wò, mi ò rí ẹlòmíì. Obìnrin kan wà níwájú mi, wọ́n ní kí òun náà wá: "Orobo, wo èyí, kò ní fún ẹ!" Mo dúró kí n wòran ìjà. Obìnrin yìí kàn gbá ìbàdí ara rẹ̀, ó ní, "Ṣé o wò mí dáadáa? Mú èyí tó fẹ̀ jù wá." Ó ra aṣọ, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi tí wọn ò ṣe nǹkan kan fún ni inú ń bí. Onímàrúwá tó gbé mi dé Ìbà tún wá ní, "Lẹ́pa, bọ́ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìwọ ò gba àyè." Mo fajú ro títí a fi débẹ̀.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo kọ́ nílé, òun náà ni mo rí ṣe níbí, lọ́dọ̀ Ìyá Mulika ní Ìbà, lójú ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń gbà. Ọmọ Ọ̀tọ̀-Àwórì ni ìyá náà, àgbàlagbà tí kì í bọ́ ìbòrí rẹ̀, tí kì í sì í pe ọmọ kankan ní orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo dé ló ti sọ mí ní Kétu. Ó ní, "Kétu, Yorùbá ẹ dùn o, àmọ́ ó dà bí ìgbà tí bàbá bàbá mi ń sọ̀rọ̀." Kò purọ́. Àwọn ọmọ ibí, bí wọ́n bá ti ka nǹkan kọjá mẹ́wàá, wọ́n ti bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Èmi, ọgbọ̀n ni mò ń pe ọgbọ̀n, ọgọ́ta ni mò ń pe ọgọ́ta. Ìyẹn ló kó bá mi.

Ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni Rónkẹ́ wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọ Ajangbadi. Ó ga, ó tóbi, ó dúdú, ó ń dán. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti mọ̀ pé ènìyàn dé. Ó fẹ́ rán gáùn ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ìyá Mulika wà lórí ẹ̀rọ, ó ní kí n wọ̀n ọ́n. Àwọn ọmọbìnrin méjì mìíràn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró de aṣọ wọn. Mo fi téèpù yí ìdí Rónkẹ́ ká, mo sì pariwo bí ọ̀gá tó kọ́ mi nílé ṣe máa ń pariwo, kí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ lè gbọ́ ọ.

"Ìdí, ọgọ́fà!"

Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó ní, "Ọgọ́ kí ni?"

Ìyá Mulika yí ọrùn padà. "Ọgọ́fà? Ọgọ́rùn-ún lé ogún? Kétu, kí lò ń wọ̀n?"

Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń fọwọ́ lu bẹ́ǹṣì, èkejì ti doríkodò lé orúnkún ara rẹ̀. Rónkẹ́ bojú wẹ̀yìn wo ìdí ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wò mí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ tà mí ni? Ẹ ti wọ̀n mí tó pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan."

Ìyá Mulika gba téèpù lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà wá rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀yìn téèpù ni mò ń kà. Nílé wa, santimítà ni gbogbo aránṣọ ń lò. Ní Nàìjíríà, ínṣì ni. Téèpù kan náà ni, ojú méjì ló ní. Ohun tó jẹ́ ọgọ́fà lójú kan, kò pé àádọ́ta lójú kejì, obìnrin kan náà ló sì wà láàárín rẹ̀.

Mo ń retí igbe. Mo ti rí obìnrin tó ju bàtà lu aránṣọ nítorí ohun tó kéré sí ìyẹn. Rónkẹ́ kọjú sí jígí, ó yí sápá ọ̀tún, ó yí sápá òsì, kò kánjú. Ó ní, "Ọgọ́fà. Ó dùn létí o. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Èwo ni ti mo rí nǹkan fìrí? Bọ̀ọ̀dá Kétu, ẹ rán an fún Ọgọ́fà." Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Bó bá pe fóònù ṣọ́ọ̀bù, ohun tó máa ń sọ ni, "Ọgọ́fà ló ń sọ̀rọ̀."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ìyá Mulika ní kí n jókòó.

"Ti Ọgọ́fà yẹn, orí ẹ ló bá ẹ ṣe é," ó wí. "Ọmọ mìíràn ì bá délé kó má jẹun mọ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi, a kì í pariwo ìwọ̀n ara ènìyàn. Wo ọwọ́ mi." Ó fi téèpù yí ọrùn ọwọ́ mi ká, ó fi èékánná di ojú ibẹ̀ mú, ó gbé e lọ sórí tábìlì láì la ẹnu, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí etí bébà. "Èmi àti téèpù nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìbàdí lè purọ́, ikùn lè purọ́, àmọ́ ọrùn ọwọ́ kì í purọ́. Bí o bá wo ọrùn ọwọ́ dáadáa, o ti mọ ìyókù ara. Bí wọ́n bá wá bi ẹ́ pé mélòó ni, sọ pé, 'Ó pé.'"

Mo ní, "Bó bá kéré ńkọ́, mà?"

"Ó pé."

"Bó bá pọ̀ jù?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó pọ̀ jù? Ọlọ́run tó gé e, ṣé ó bi ẹ́ ni? Aṣọ ni mò ń rán fún ara. Mi ò kí ń rán ara fún aṣọ."

Mo ti jókòó sí iwájú oníwàásù púpọ̀ nílé wa, mi ò tíì gbọ́ èyí tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Mo yí téèpù padà sí ojú ínṣì, mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́.

Ẹni tó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yẹn láàárọ̀ dalẹ́ á mọ nǹkan nípa ọmọ aráyé. Àwọn ọmọbìnrin kì í dá wá. Wọ́n á wọlé ní méjì, ní mẹ́ta, wọ́n á dúró níwájú jígí, wọ́n á máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ara wọn: "Ẹ wo ikùn mi bí ó ṣe yọ." "Èmi ò ní ìdí, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i." "Apá mi ti tóbi jù, ẹ fún mi ní ọwọ́ gígùn." Àwọn kan ò tíì jẹun láti àná nítorí téèpù. Àwọn àgbà wa fi ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ pòwe, àwọn ọmọ yìí sì ń wo fóònù níbi tí wọ́n ti ń fi obìnrin tínrín ṣe ẹwà. Wọn ò mọ èwo ni kí wọ́n gbà gbọ́. Àmọ́ mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ jáde. Kí ọ̀kan tó wí tirẹ̀ tán, èkejì á ti dá a lóhùn pé, "Ta ló bá ẹ sọ̀yẹn? Gbé e fún mi bí o ò bá fẹ́." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, á sì fúyẹ́ lára wọn kí wọ́n tó jáde.

Àwọn ọkùnrin, rárá. Dáre ni kí n fi ṣe àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni òun náà, ó máa ń lọ gbé irin ní ilé kan ní Okokomaiko, apá rẹ̀ sì le bí odó. Òun nìkan ló máa ń wá, lásìkò tí oòrùn bá ti wọlẹ̀ díẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù ti dá. Á ní kí n bá òun fún apá ṣẹ́ẹ̀tì. Mo fún un. Á ní kí n tún un fún. Ọjọ́ kan ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ lè bá mi fi fóòmù díẹ̀ sí èjìká?"

"Kí ló ṣe èjìká ẹ?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó kéré ni. Ẹ má jẹ́ kí Ìyá gbọ́ o."

Mo wọn èjìká náà. Ó fẹ̀ ju tèmi lọ dáadáa. Ó ní, "Mélòó ni?" Bí ẹni tó ń bi dókítà léèrè ni ohùn rẹ̀ rí.

"Ó pé," mo wí.

Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún ní, "Àmọ́ ẹ ṣì fi fóòmù náà sí i."

Mo fi sí i. Mi ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, torí ohun kan náà ló ń ṣe èmi àti òun. Nígbà tó lọ tán ni Ìyá Mulika gbórí sókè láti ẹ̀yìn aṣọ tó so mọ́ wáyà. Gbogbo rẹ̀ ló ti gbọ́. Ó ní, "Àwọn obìnrin ń ráhùn, wọ́n ń rí ẹni dá wọn lóhùn. Àwọn ọkùnrin ń dákẹ́. Ta ló fẹ́ dá ẹni tó dákẹ́ lóhùn?" Ó ń wò mí bó ṣe ń sọ ọ́, mo sì ṣe bí ẹni tí òwú bọ́ lábẹ́rẹ́.

Ìdí ni pé èmi náà ń dín. Kì í ṣe ebi. Inú ilé kan tí yàrá ti ń kọjú sí yàrá ni mò ń gbé ní Okokomaiko, àwọn aládùúgbò á máa jẹun tìdílé-tìdílé, èmi á di ìlẹ̀kùn mi. Nílé wa, a kì í dá jẹun. Àwo kan, ọwọ́ mẹ́rin. Oúnjẹ tí mo dá sè, bí mo bá bu òkèlè méjì, ó ti sú mi. Àti iṣẹ́, àti àárò ilé. Mo fi sísọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀bù dá ihò tuntun sí bẹ́líìtì mi, nígbà tó yá mo tún dá òmíràn.

Ìyá mi sì ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á máa gé ohùn rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, àmọ́ ìbéèrè kan wà tí kì í gé.

"Ṣé o ti sanra?"

"Mo ti sanra, Màmá."

"Ṣé o ò tàn mí?"

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti kún. Ẹ ò ní dá mi mọ̀."

"Ọlọ́run ṣeun. Èmi náà ti sanra. Ìró tí bàbá ẹ rà fún mi kò yí mi ká mọ́."

Inú mi á dùn sí i. Màá ní, ó kéré tán, ọ̀kan nínú wa ń jẹun. Ó fẹ́ kí n gbé fóònù tó ń fi ojú hàn, kí òun rí mi. Mo ní kámẹ́rà rẹ̀ ti bàjẹ́.

Kì í ṣe ẹkún nìkan o. Gáùn Ọgọ́fà ni aṣọ tí mo kọ́kọ́ dá gé fúnra mi níbí. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́ nínú rẹ̀. Mo jẹ́ kí aṣọ tẹ̀ lé ara bó ṣe lọ, mo fún un níbi tí ara fún, mo tú u níbi tí ara fẹ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́ tó jáde sí ọ̀nà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin ń dá a dúró láti bi í pé ta ló rán an. Mo ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó yí padà, ó nàka sí mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Kétu ni." Ọjọ́ yẹn ni orúkọ yẹn kọ́kọ́ dùn mọ́ mi.

Mo bi í lẹ́yìn ìgbà náà bó ṣe ń ṣe é tí ọ̀rọ̀ ara kò fi ń dùn ún. Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ òmùgọ̀ ọ̀rọ̀.

"Ṣé ẹ rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí mi ni? Nílé ìwé girama, síwẹ́tà ni mo máa ń wọ̀ nínú ooru kí wọ́n má baà rí ikùn mi. Mo ti sunkún tèmi tán ni. Ọjọ́ kan mo kàn rí i pé àwọn tí mò ń fi ara pamọ́ fún ò tiẹ̀ wò mí. Ara wọn ni wọ́n ń wò."

Mo bọ̀wọ̀ fún un ju bó ṣe mọ̀ lọ. Òmìnira tí mo rò pé ó bá wáyé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rán an.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìyá mi kò bi mí bóyá mo ti sanra. Ó ní, "Mò ń bọ̀. Ará ilé wa kan ń wá ra rédíò ní Alaba lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màá bá a wọkọ̀, màá wá fojú ara mi rí ẹ."

Àpò mi tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo kọ́kọ́ wò. Bí ó bá gbé e, mi ò ní lè bá a jà, nítorí ọkọ rẹ̀ ló ti sin nítorí irú ara yìí. Mo sì mọ̀ nísinsìnyí pé mi ò fẹ́ lọ. Mi ò mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ ariwo Okokomaiko, ìbínú Ìyá Mulika, àwọn ọmọ tó ń pè mí ní Kétu, wọ́n ti di tèmi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé fóòmù Dáre fún ara mi. Mo rán ṣẹ́ẹ̀tì kan, mo tẹ́ fóòmù sí èjìká, mo tẹ́ ẹ sí àyà, mo fi díẹ̀ sí apá. Mo wà níwájú jígí tí Rónkẹ́ fi wọlé.

Ó dúró. "Bọ̀ọ̀dá Kétu, kí lẹ gbé mì?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bàbá mi, àpò, àti ìyá tó ń bọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún gbogbo wa pé ó pé."

"Ti ẹ̀yin yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀? Bí abẹ́rẹ́ ṣe tínrín tó, ṣé adìẹ lè gbé e mì ni?"

Mi ò bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà.

Ọ̀sán gangan ni ìyá mi dé, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà, ó sì gun màrúwá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó wọlé, ẹnu yà mí. Màmá mi tóbi. Ó yí ribiti nínú aṣọ, ó fẹ̀ ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ayọ̀ mú mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbàgbé fóòmù, mo sáré dì mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí èjìká mi, ó dúró síbẹ̀. Mo rántí. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ọwọ́ kúrò.

Ìyá Mulika dìde. "Ẹ káàbọ̀ o, ìyá wa. Ọmọ yín ń ṣe bẹbẹ níbí."

"Ẹ kú ìtọ́jú o. Ọlọ́run á bá yín tọ́jú tiyín."

"Àmín. Kétu, kí lò ń wò? Gé bùbá kan fún màmá ẹ láti ara léèsì tó wà lórí tábìlì yẹn. Wọ̀n wọ́n."

Ìyá mi fà sẹ́yìn. "Rárá, kó má ṣèyọnu."

"Ẹ dúró, Màmá," mo wí. Mo mú téèpù, mo fi yí àyà rẹ̀ ká.

Téèpù náà rì. Ẹni tó ti ń fi ọwọ́ mú aṣọ láti kékeré mọ ibi tí aṣọ parí sí tí ara ti bẹ̀rẹ̀. Mo wá ibi tí ara ti bẹ̀rẹ̀, mi ò rí i. Bùbá wà lórí bùbá, síwẹ́tà wà láàárín, ìró sì wà lórí ìró, nínú ooru Ìbà yẹn. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó gbé sókè kí téèpù lè kọjá. Ọrùn ọwọ́ náà kò ju ti ọmọdé lọ.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú wọ̀nyẹn, tó ní ìró tí bàbá mi rà kò yí òun ká mọ́. Irọ́ tí mò ń pa fún un lòun náà ń pa fún mi, nítorí ohun kan náà: kí n má baà kó ẹrù mi wálé torí tirẹ̀.

Mo fi èékánná di ojú téèpù mú. Ó ní, "Mélòó ni?" Ohùn rẹ̀ kéré, bíi ti Dáre lọ́jọ́ yẹn.

"Ó pé, Màmá."

Ó wò mí pẹ́. Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Ó na ọwọ́ tínrín náà sí èjìká mi, ó tún tẹ fóòmù, fóòmù sì wọlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Tìẹ náà pé." Ìyá Mulika ti padà sídìí ẹ̀rọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ kíkan-kíkan, bẹ́ẹ̀ kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó jókòó ní yàrá mi nínú bùbá kan ṣoṣo, èmi náà wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, a jọ jẹ ẹ̀bà nínú àwo kan. Ẹ̀rù ń bà mí láti bi í, mo ṣáà bi í.

"Ṣé ara le, Màmá?"

"Ara le. Àgbà ló ń mú ẹran ara lọ, kò tíì mú mi lọ. Kò sí àìsàn kankan." Ó bu òkèlè. "Bàbá ẹ, ojú ẹ̀ ti kú kí ara ẹ̀ tó rù. Èmi ni mi ò tètè mọ̀, ara ni mò ń wò. Tìẹ ò kú. Mo rí i lánàá nígbà tí wọ́n ń pè ẹ́ ní Kétu tí ò ń dáhùn."

Nígbà tó ń lọ, àpò mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò tiẹ̀ wo ibẹ̀.

Mo pẹ́ lórí bùbá náà. Mi ò lo ohun tí téèpù sọ. Mo lo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mo sì lo ibi tí apá mi dé nígbà tó dì mọ́ mi láti dágbére, nínú aṣọ kan ṣoṣo. Mo fi rán ará ilé wa tó ń wá ra rédíò ní Alaba nígbà tó tún wá. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, fóònù dún.

"Bùbá ti dé," ìyá mi wí.

"Ṣé ó bá yín mu?"

"Ó bá mi mu gẹ́ẹ́. Kò gba nǹkan kan sábẹ́. Orí aṣọ lo ti wọ̀n mí. Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Ọrùn ọwọ́ yín ni mo wò."

"Mélòó wá ni?"

"Ó pé, Màmá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ. Ó ní, "Ìwọ náà, yọ tìmùtìmù yẹn kúrò léjìká ẹ. Ooru á mú ẹ."

"Mo ti yọ ọ́."

"O káre. Ṣé ara le?"

"Ara le," mo wí.